Ìlà Jíjá Láàárín Ìyá Àgbà àti Bàbá Mi

Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò ní sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Àwọn alààyè ni mo fẹ́ bá wí, ẹni tọ́rọ̀ sì kàn mọ ara rẹ̀.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, kú ní Ọ̀mù-Àrán nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ìyá tó bí bàbá mi. Bí inú bá ń bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa sí gbólóhùn yẹn, kó kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀ kó tó wá bá mi. Mo kúkú wà nílé.

Ọmọ Arandun ni. Arandun ò jìnnà sí wa, ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láàárọ̀ á débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀, títí ó fi kú, bí ìyàwó tí wọ́n gbé wá lánàá ló ṣe ń ṣe nínú agbo ilé wa. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí síbẹ̀ rí. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Bàbá arúgbó tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, Eyínfúnjowó ló ń pè é, nígbà tí eyín kan ṣoṣo ò sí lẹ́nu bàbá náà mọ́. Èmi tí wọ́n bí sínú ilé lójú rẹ̀, tó jẹ́ pé òun ló ń fun ikun imú fún mi, ọkọ òun ni mí. Bí mo bá ṣe àfojúdi, á nà mí dáadáa, á wá fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi. Á ní, "Ọkọ mi, má bínú, ìwọ lo wá a."

Ìgbómìnà ló máa ń fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò bá àjèjì sọ èdè mìíràn. Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń kọ ọ́ síhìn-ín kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Adùn rẹ̀ ti dín kù, mo mọ̀.

Òun fúnra rẹ̀ lórúkọ kan tó ń fẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Jóṣúà ni wọ́n ń pè é, nítorí Jóṣúà ni àkọ́bí. Kò ní dáhùn. Ẹ lè pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, á kàn máa wo pẹpẹ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Ìgbà tí ẹ bá pe Ìyá Jóṣúà àti Sámúẹ́lì ló tó máa yíjú. Ó bá ìyá ìjọ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé wọn kì í jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́. Nígbà tó yá, gbogbo ìlú kúkú gbà fún un, wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ Jóṣúà-Sámúẹ́lì. Sámúẹ́lì ni bàbá mi. Jóṣúà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lọ ń gbé Èkó, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Yábà.

Bàbá mi sọ fún mi pé nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré, Ìyá kì í fi ọ̀bẹ gé ẹran fún wọn. Eyín ló fi ń gé e. Á gé e sí méjì, á gbé méjèèjì sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, á fojú wọ̀n ọ́n, bí ọ̀kan bá tóbi díẹ̀, á tún bu ibẹ̀ jẹ. Nígbà mìíràn, ẹran á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó dọ́gba. Bàbá Yábà á máa sunkún pé òun ni ẹ̀gbọ́n, pé ó yẹ kí tòun tóbi jù. Ìyá á ní, "Ikùn ò mọ ẹ̀gbọ́n."

Iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kùrọ́. Ó ní òkúta kan lẹ́yìn ilé tí ojú rẹ̀ ti jin kòtò, ibẹ̀ ló ti ń pa ẹ̀kùrọ́, tó ń ṣe àdín, tó ń rù ú lọ sí Omupo, nígbà mìíràn ó ń wọkọ̀ lọ sí Ṣàrẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ pàtàkì tó bá mi sọ láyé yìí, orí òkúta yẹn ló ti sọ ọ́, láìwojú mi, kó má baà fi òkúta gbá ìka ara rẹ̀.

Nígbà tí owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nílẹ̀ yìí, Bàbá Yábà wà lára àwọn tó bá a ṣàn. Kọngíláàtì ló ń ṣe. Ó gbé Pìjó wálé, ó kọ́ ilé alájà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n bí i sí, ó sì gbé fìríìjì ńlá kan wá fún ìyá rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Èkó wá kí wọ́n wá wò ó. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn fìríìjì, ó tì í, ó tún un ṣí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti da gbogbo ẹ̀gúsí rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní, "Àpótí rẹ dára, eku kankan ò lè wọ̀ ọ́." Àwọn ará Èkó rẹ́rìn-ín. Bàbá Yábà ò rẹ́rìn-ín. Ó wo fìríìjì yẹn, ó wo bàbá mi tó ń bá Ìyá gbé àpò ẹ̀gúsí, kò sì sùn nílé lọ́jọ́ yẹn.

Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọmọ tó ń fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí ìyá á ṣe ka òun sí ju èkejì lọ, tí ìyá náà sì ń fi eyín wọn ẹran! Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn náà ni ìyà dé. Bàbá mi ti kó wa lọ sí Èkó nígbà náà. Níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n kó wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. A kó ẹrù wa sínú lọ́rì, bẹ́ẹ̀dì, aago ògiri, èmi, ìyá mi àti àwọn àbúrò mi, a padà sí Ọ̀mù-Àrán. Ojú ń ti bàbá mi, kò fẹ́ kí a dé lọ́sàn-án. Ìyá jáde pàdé wa lójú títì, ó gba aago lọ́wọ́ rẹ̀, kò béèrè ohunkóhun. Kò pẹ́ ló mú un lọ sí Arandun, ó fi oko tí bàbá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un hàn án, oko tó kún fún ọ̀pẹ. Ó ní kó máa dá a. Nígbà tí àwọn ará ilé ní kó ránṣẹ́ sí Jóṣúà kí wọ́n jọ jíròrò, ó ní, "Ẹni tí ebi ń pa ni mo ń fún lóúnjẹ."

Ebi ń bọ̀ wá pa Jóṣúà náà. Kọngíláàtì ti gbẹ, Pìjó ti wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ oko Arandun, ó sì wálé wá béèrè ìpín tirẹ̀. Ìgbà tó wálé yẹn gan-an ni àwọn ará yunifásítì wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Dókítà Bámigbóyè ni olórí wọn. Ọmọ Yorùbá ni, kì í ṣe Ìgbómìnà. Ó níwà, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bú u. Ó ní èdè wa ń lọ, pé àwọn ọmọ wa ti ń sọ ti Ọ̀yọ́ àti ti òyìnbó, pé àwọn fẹ́ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ìgbómìnà fi ń pe ẹbí pamọ́ kó tó parẹ́. Ìgbà yẹn, ẹni tó ti rí kọ̀ǹpútà lójú kò pọ̀ lágbègbè wa. Inú bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi tirẹ̀ sí bí ọmọ tuntun, jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, wọ́n gbé téèpù tó ń gba ohùn sílẹ̀ ka iwájú Ìyá. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti sọ orúkọ ẹnì kan fún un, á ya àpótí kékeré fún un, á wá fa ìlà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó bá bí ọ, ìlà gbọọrọ. Ẹni tó kàn wò ọ́ dàgbà, ìlà jíjá, kó máa já, kó máa so.

Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bi í pé àwọn wo ni ọkọ rẹ̀. Ó ka bàbá bàbá mi, ó ka Eyínfúnjowó, ó ka àwọn obìnrin tí wọ́n bí sílé wa, ó ka èmi, ó ka ọmọ ọwọ́ kan tó ń fà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òyìnbó ló ṣe ètò náà, kò mọ ilé ọkọ. Ìyá ní kí ó kọ́ òyìnbó náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n béèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní Jóṣúà àti Sámúẹ́lì. Akẹ́kọ̀ọ́ fa ìlà gbọọrọ méjì. Bàbá Yábà jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí ògiri. Ó wúkọ́. Ó ní kí Dókítà má bínú, pé ṣebí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, irọ́ ò sì gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀.

"Sámúẹ́lì kì í ṣe ọmọ ìyá mi," ó wí. "Ìyàwó kékeré bàbá wa ló bí i, ó sì kú lórí ìkúnlẹ̀." Ó wá dárúkọ obìnrin náà.

N ò ní kọ orúkọ yẹn síhìn-ín. Nílé wa, bí obìnrin bá kú lórí ìkúnlẹ̀ tí ọmọ sì yè, a kì í dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ náà mọ́ láéláé. Wọ́n ní bí ọmọ bá gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ á máa wá a kiri, kò ní jókòó sáyé dáadáa. Obìnrin tó bá gbà á mọ́ra ni ìyá rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo. Jóṣúà ṣì ń mu ọmú lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbé Sámúẹ́lì fún Ìyá, ó sì gbé ọ̀kan sí ọmú ọ̀tún, ó gbé ọ̀kan sí ti òsì. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Àwọn tó ń jà, àwọn tí kì í kí ara wọn, àwọn tó ń mutí yó, kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ sọ láti ìgbà tí bàbá mi ti jẹ́ ọmọ ọwọ́ títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ọmọ tó mu ọmú kejì ló wá sọ ọ́ sínú téèpù.

Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ wá fún wọn, gálọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí epo má dà.

Ó ní, "Ta ni ìyá mi?"

Ìyá ní, "Èmi ni."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, kì í ṣe lọ́jọ́ yẹn nìkan, títí ó fi kú. Ó yíjú sí Dókítà. Ó bi í pé ta ló bí Jóṣúà. Dókítà ní, "Ẹ̀yin ni, mà." Ìyá ní ta ló sọ fún ọ, ṣé o wà níbẹ̀? Dókítà ní Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyá ní, "Ẹnu mi kan náà ni. O gbà á gbọ́ lórí Jóṣúà, kí ló dé tí o ò gbà á gbọ́ lórí Sámúẹ́lì?"

Ọkùnrin náà rọra ṣàlàyé. Ó ní kò sí ẹni tó ń sọ pé kì í ṣe ìyá, pé ìlà jíjá náà ìlà ni, pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀, àti pé orúkọ olóògbé náà ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, ro ó bọ̀, n ò rí ibi tí mo lè gbá a mú. Bóyá òtítọ́ ni. Ó sì ba ilé wa jẹ́.

Ìyá wo ojú kọ̀ǹpútà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pa ìlà gbọọrọ kan rẹ́. Ó dìde. Ó ní kí wọ́n pa èkejì náà rẹ́. Ó ní, "Kọ ọ́ pé n ò bímọ."

Bàbá Yábà fò dìde. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, ìyá rẹ̀ ti sẹ́ ẹ lójú àlejò. Ó ní, "Ìyá, inú yín ni mo ti jáde."

"O gba ibẹ̀ kọjá ni," Ìyá wí. "Sámúẹ́lì dúró."

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni Ìyá ṣe láyé, ohun tó ṣe nìyẹn. Ó le. Kò yẹ kí ìyá sọ irú rẹ̀ fún ọmọ, èmi náà ò jẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ mi. Kò sọ̀rọ̀ kan sí téèpù wọn mọ́. Wọ́n parí iṣẹ́ wọn lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, wọn ò kọ ọ́ pé kò bímọ, wọ́n fi ìlà gbọọrọ sílẹ̀ fún Jóṣúà, wọ́n sì fa ìlà jíjá fún bàbá mi. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fífẹ̀, wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan. Bàbá Yábà fi férémù sí tiwa, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ ilé alájà rẹ̀, níbi tí bàbá mi ò ti lè wọlé láìrí i.

Bàbá mi ò jẹ oúnjẹ Ìyá fún ìgbà pípẹ́. Á kọjá lẹ́yìn ilé, á kí i, á lọ. Inú bí mi sí Ìyá. Mo lọ bá a níbi òkúta, mo ní ó yẹ kó ti sọ fún un nígbà tó dàgbà, kì bá má gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ó pa ẹ̀kùrọ́ bíi mélòó kan kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹni tó bá sọ ọ́ ti gé ọmọ náà sí méjì." Mo sọ fún un pé wọ́n ti gé e náà nìyẹn. Ó gbé ẹ̀kùrọ́ mìíràn lé òkúta. Mo rí i pé ó ń sunkún, n ò sì bẹ̀ ẹ́, nítorí inú ṣì ń bí mi. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi kàn gbé òkúta tirẹ̀ wá, ó jókòó tì í, ó ń pa ẹ̀kùrọ́. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, ó jẹ ẹ́.

Nígbà tí àìsàn dá Ìyá dúbúlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ń kó òkú sínú yìnyín títí àwọn ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn á fi ráyè. Ó ronú kan fìríìjì rẹ̀. Ó fa bàbá mi lọ́wọ́, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n fi mí pamọ́ bí ẹ̀gúsí." Bàbá mi ní kò ní ṣẹlẹ̀.

Ó kú. A fi awakọ̀ kan ránṣẹ́ sí Yábà. Èsì tí awakọ̀ mú padà wá ni pé kí wọ́n gbé ìyá òun lọ sí mọ́ṣúárì n'Ílọrin, pé nǹkan ò rọgbọ, kí wọ́n ní sùúrù títí òun á fi múra ìsìnkú tó yẹ òun. Ó ní kí Sámúẹ́lì má fọwọ́ kan án. Bí Sámúẹ́lì bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wo ohun tó wà lára ògiri pálọ̀.

Àwọn àgbà ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní Jóṣúà ló ni òkú, ìwé ti sọ bẹ́ẹ̀, irú ìwé wo, ìwé kọ̀ǹpútà! Àwọn tó pa ẹnu mọ́ fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn ló ń na ìka sí férémù. Bàbá mi jókòó ti ìyá rẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ́ ilẹ̀ níwájú yàrá Ìyá. Pásítọ̀ gbàdúrà. Ìyá ìjọ tí wọ́n jọ ń jà wá, òun ló dá orin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ilé kò jáde.

Bàbá Yábà dé lẹ́yìn náà, ó bá òkìtì. Ó bi bàbá mi pé ta ló fún un láṣẹ. Bàbá mi ní Ìyá ní kí wọ́n má fi òun sínú yìnyín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró títí, ó wá jókòó sórí erùpẹ̀ tòun ti kóòtù rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Mo rò pé wọ́n máa di mọ́ ara wọn. Ó dìde, ó gbọn kóòtù, ó padà s'Ékòó. Kò tíì bá bàbá mi sọ̀rọ̀ títí di òní.

Dókítà Bámigbóyè wá kí wa. Orí rẹ̀ ti pá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kéré débi pé orí itan ló gbé e lé. Ó fa ilé wa jáde níbẹ̀, àpótí Ìyá, Jóṣúà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà gbọọrọ, bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìlà jíjá. Ó ní òun gbọ́dọ̀ fi àmì sí àpótí Ìyá pé ó ti lọ. Ó wá wo bàbá mi, ó ní bóyá ohun kan wà tó fẹ́ kí òun tún ṣe.

Bàbá mi bi í pé, "Dókítà, ọmọ Yorùbá ni yín. Ta làwọn baba wa sọ pé ó bímọ?"

Ọkùnrin náà dáhùn, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

"Ibo lẹ̀rọ yín kọ ìyẹn sí?"

Dókítà wo ojú kọ̀ǹpútà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ó ṣí ibì kan, ó pa á dé, ó ṣí òmíràn. Àyè wà fún ẹni tó bíni, àyè wà fún ẹni tó fẹ́ni, àyè wà fún ẹni tó woni dàgbà. Ó ní, "Kò sí àyè rẹ̀ níbẹ̀, bàbá."

Bàbá mi ní kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Dókítà fi àmì sí àpótí Ìyá, ó pa kọ̀ǹpútà dé. Òjò ti wẹ erùpẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bàbá mi mú ọkọ́, ó lọ tún ojú oórì ìyá rẹ̀ ṣe.